Kí Ó Tó Yọ Òdòdó

Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹjọ

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò pa ẹ́ jù? Èmi ìyá ẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, àbúrò ẹ ló ń bá mi kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi tiẹ̀ lú u. (Mo ti gbọ́, Màmá.)

Ẹjọ́ ẹ ni màá kọ́kọ́ rò. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni mo ti ń retí lẹ́tà. Iṣẹ́ ò lè pọ̀ kéèyàn má ráyè kọ "mo wà láàyè" sórí pépà. Akọ̀wé ojú wíńdò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ti mọ̀ mí. Bó bá ti rí mi lókèèrè báyìí, á ti máa mi orí kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn máa fi orí bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Búrẹ́dì ń tà. Mo ti gbé ààrò kúrò lẹ́yìnkùlé lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí èéfín àti ìyẹ̀fun ò bá àyà àbúrò ẹ mu. Bí mo bá ti ń po ìyẹ̀fun, ikọ́ fée ẹ̀ á gbé e, àyà ẹ̀ á máa súfèé bí ìgbà tí atẹ́gùn ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ kọjá. Látìgbà tí ààrò ti lọ, ó ti sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ààrò wà tẹ́lẹ̀ ti di igbó. Koríko kan báyìí ló bò ó, ewé ẹ̀ ya wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Àbúrò ẹ ò lè gba ibẹ̀ kọjá kó má pòṣé. Kò ṣàdédé jẹ́ Afínjú. Ẹni tó ń gbá ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó dọ̀tí ni.

Ó ku nǹkan kan. Àwọn èèyàn ń bi mí pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀. Mo ní o ń lọ ewé. Obìnrin tó ń ta ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ṣé o ti di oníṣègùn ni, pé ẹ̀yìn ń dun òun. Kọ ọ́ wá kó yé mi, kí n lè mọ èsì tí màá fún un.

Ìyá ẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà rèé nísàlẹ̀ pépà. Mo já ewé kan lára koríko yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ gbẹ sáàárín ìwé, òun lẹ máa bá nínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ bá mi wá orúkọ ẹ̀, kí n lè mọ ohun tí màá máa fi bú u. — Afínjú.


Oṣù Kẹta, ọjọ́ kejìdínlógún

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà. Ẹ fi orí jì mí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé yín. Yàrá mi wà lókè ilé ìfọṣọ, ooru omi ọṣẹ máa ń gba àárín pákó wọlé, bí mo bá sì ti dé láti ibi iṣẹ́, tí ooru yẹn bá ti bò mí, oorun ni. Bírò á bọ́ lọ́wọ́ mi kí n tó kọ "Màmá".

Iṣẹ́ mi rèé. Ilé ìwádìí ni. Koríko kan wà níbí tó ń dá èèyàn púpọ̀ lóró. Bí àkókò ẹ̀ bá dé, ojú á máa yún wọn, imú á máa ṣomi, àwọn mìíràn ò ní lè mí dáadáa. A máa ń gbìn ín sínú ilé onígíláàsì, a ó wá tú u palẹ̀: gbòǹgbò lọ́tọ̀, igi ẹ̀ lọ́tọ̀, ewé lọ́tọ̀, òdòdó lọ́tọ̀, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó náà lọ́tọ̀. Èmi ni mò ń sá wọn, tí mò ń lọ̀ wọ́n, tí mò ń rẹ wọ́n sómi, tí mò ń sẹ́ wọn. A ó kán omi wọn sórí pépà, a ó fi ẹ̀jẹ̀ àwọn tí koríko náà ń bá jà kàn án. Ibi tí pépà bá ti dúdú, ibẹ̀ lọ̀tá wà. Ẹ bá mi bẹ ìyá ẹlẹ́yin pé kó ní sùúrù fún ẹ̀yìn ẹ̀, mi ò lóògùn.

Afínjú, nígbà tí ewé tó o fi ránṣẹ́ já bọ́ sórí tábìlì mi, mo jókòó. Koríko yẹn gan-an ni. Ọ̀kan náà ni èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa àti èyí tí mò ń lọ̀ níbí. Tìtorí àyà ẹ ni mo ṣe wọ iṣẹ́ yìí, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹ rí.

Wáá gbọ́. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ẹ̀ ni ewu wà. Ó fẹ́lẹ́ débi pé atẹ́gùn lè gbé e kọjá odindi ìlú. Bí koríko yẹn bá yọ òdòdó lábẹ́ fèrèsé ẹ, yóò ṣe ẹ́ ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n kí ó tó yọ òdòdó, kò lágbára kankan. Nítorí náà, fà á tu báyìí, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, má jẹ́ kó dàgbà. Má bẹ̀rù ewé ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń fọwọ́ pa á.

Màmá, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọmọ yín.


Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi,

Lónìí èmi ni mo ni bírò, kò sẹ́ni tó máa ní "má kọ ìyẹn". Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà òtútù àti ooru ọṣẹ.

Ọ̀gá mi ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ti mọ́. Ó ní kò ní pẹ́ tí màá fi parí ẹ̀kọ́ mi, pé lára gbogbo àwa tí à ń kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ òun, èmi nìkan ni òun kì í tú iṣẹ́ ẹ̀ wò. Inú àwọn tó kù ò dùn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ èmi kọ́. Ohun tí mo wá ń rò ni pé bí mo bá ti tu koríko ẹ̀yìnkùlé tán, màá ní kí káfíńtà fi páánù bo ibẹ̀, màá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Ìmọ́lẹ̀ dára níbẹ̀. Màmá á máa yan búrẹ́dì níwájú, èmi á máa ránṣọ lẹ́yìn, ẹni tó bá wá ra búrẹ́dì á gba ọ̀dọ̀ mi kọjá kó wọn aṣọ. Màmá ò tíì mọ̀. Ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà tiwọn, èmi náà ló máa kà á fún wọn, màá kàn wá máa fo ìlà.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sísọ́ọ̀sì. Irú èyí tó wúwo, tó ń gé aṣọ láì jẹ ẹ́. Tọ̀gá mi ti kú, ṣe là ń fi í bẹ aṣọ.

Ní ti koríko, mo ti bẹ̀rẹ̀. Màmá ní kí n pe ẹni tó ń roko. Mo ní kí wá ni ẹ̀gbọ́n mi kàwé fún? Mo ti tu èyí tó wà létí ògiri, mo kó o sílẹ̀ kó gbẹ. Gbòǹgbò ẹ̀ le, bí mo bá fà á yọ, mo máa ń gbọ̀n ọ́n mọ́lẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ lè já. Ó ń mú mi wúkọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n eruku ilẹ̀ ni. Lánàá, Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Wọlé, àyà ẹ ti ń súfèé." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ní kò séwu." Wọ́n wò mí, wọ́n pòṣé, wọ́n padà sídìí búrẹ́dì.

Ó ku èyí tó wà láàárín. Bí ẹ bá máa fi dé, ẹ ò ní mọ̀ pé ibẹ̀ ti di igbó rí.

Àbúrò yín, aránṣọ,
Afínjú.


Oṣù Karùn-ún, ogúnjọ́

Afínjú,

Má kọ́kọ́ ka nǹkan mìíràn. Má fọwọ́ kan koríko yẹn mọ́. Èyí tó o ti tu, má lọ síbi tó wà, ní kí ẹlòmíràn kó o dànù, kí Màmá sì ti fèrèsé tó kọjú síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí mo kán omi ewé àti omi igi sórí pépà, ó dúdú. Mo rò pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ló ta sí i. Ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bọ̀rọ̀, ní kí n fọ gbogbo ìgò, kí n lo koríko kékeré tí kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ òdòdó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún dúdú. Mo kán ti gbòǹgbò. Kò dúdú tó ti òdòdó, ṣùgbọ́n ó dúdú. Ọ̀gá mi ní kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, pé èyí tó ń gbé inú ewé yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé inú òdòdó, pé gbòǹgbò náà ní tiẹ̀. Ọ̀tá púpọ̀ ló ń gbé ilé kan.

Nígbà tí lẹ́tà ẹ dé, tí mo ka ibi tó o ti ní o ń wúkọ́, tí o ń gbọ̀n gbòǹgbò mọ́lẹ̀, mo mú bírò lójú ẹsẹ̀. Mo yára sọ̀rọ̀, Afínjú. Ìdajì ni mo mọ̀, mo sọ ọ́ fún ẹ bíi pé gbogbo ẹ̀ ni.

Mo fi lẹ́tà yìí sínú àpò tó ń yára jù. Kọ ìlà kan ṣoṣo padà sí mi. Kọ "mo ti gbọ́".

Ẹ̀gbọ́n ẹ.

Mo ti rí sísọ́ọ̀sì náà. Ó wúwo gan-an ni. Màá fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀.


Oṣù Keje, ọjọ́ kẹta

Sí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn láti lo àǹfààní yìí láti kọ ìwé sí ọ, pẹ̀lú ìrètí pé ara rẹ le bí ara tiwa náà ti le níhìn-ín. A rí ìwé rẹ gbà. A dúpẹ́ fún ìmọ̀ràn tí ó wà nínú rẹ̀.

Àbúrò rẹ ti bá ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn láti lọ rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Yóò pẹ́ díẹ̀ kí wọn tó padà. Ìdí nìyí tí Olùkọ́ àgbà tí ó háyà yàrá iwájú fi ń bá mi kọ ìwé yìí. Koríko ẹ̀yìnkùlé ti kúrò. Máa ṣe iṣẹ́ rẹ pẹ̀lú ìfọkànsìn, má sì jẹ́ kí ohunkóhun dà ọ́ láàmú.

Èmi ni ìyá rẹ tòótọ́.


Oṣù Keje, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí Olùkọ́. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lẹ́tà yẹn ò ní ohùn yín nínú. Ẹ ò bú mi pé mo pẹ́. Ẹ ò bi mí bóyá mo jẹun. Ẹ ò dárúkọ búrẹ́dì, ẹ ò dárúkọ ìyá ẹlẹ́yin. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi, ẹ ò pè mí ní "ọmọ mi ọ̀wọ́n" rí. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, mo ń wá ibi tí ẹ ti máa ní kí n jáwọ́ nínú òmùgọ̀. Mi ò rí i.

Ìlú wo ni Afínjú lọ? Kò sí pépà níbẹ̀ ni? Ẹni tó kọ "aránṣọ" sábẹ́ orúkọ ara ẹ̀ kó tó parí ẹ̀kọ́ ẹ̀, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á lọ rán aṣọ odindi ilé ìwé láì fi yangàn sí mi? Ẹ ní kó kọ ìlà kan. Kó fi bú mi, mo fara mọ́ ọn.

Sísọ́ọ̀sì ti wà lọ́nà.

Ọmọ yín.


Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Màmá mi,

Ẹ ò fèsì. Ní báyìí, èmi ni mò ń wo ojú ẹni tó ń pín lẹ́tà. Obìnrin onífọṣọ ìsàlẹ̀ ti mọ̀, á ti ké sí mi kí n tó sọ̀kalẹ̀ tán pé kò sí.

Koríko náà ti yọ òdòdó níbí. Ó wà létí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibi iṣẹ́ wa gan-an. Àwọn èèyàn ń sín nínú ọkọ̀. Mò ń wò wọ́n, ọkàn mi ò sí lọ́dọ̀ wọn.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ má fi mí ṣe àlejò tí wọ́n ń fi ìjókòó lọ̀ nígbà tí ilé ń jó. Àǹfààní kí ni pé mo jẹ́ àkọ́bí yín, bí mo bá máa jẹ́ ẹni tó gbọ́ kẹ́yìn?

Èmi ni.


Oṣù Kẹwàá, ọjọ́ kẹfà

Àkọ́bí mi,

Olùkọ́ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti ní kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Bó bá ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni kó ṣe máa gbé e sílẹ̀.

Jókòó. Bí obìnrin onífọṣọ yẹn bá wà nítòsí, ní kó wá jókòó tì ẹ́.

Àbúrò ẹ ti kú.

Mo gbé e pa mọ́ nítorí mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa dì ẹ́ mú. Irọ́ ìlú mìíràn yẹn, èmi ni mo pa á, Olùkọ́ kàn bá mi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Ó gbé lẹ́tà tó kọ sí ẹ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lówùúrọ̀, ó padà dé, ó ní òun fẹ́ kó koríko tó ti gbẹ jọ. Mo lọ sídìí ààrò. Ó ń gbá a jọ, ewé gbígbẹ ń rún, eruku ẹ̀ ń fò. O mọ̀ ọ́n, kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Ìyá ẹlẹ́yin ló wá pè mí. Mo bá a lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ó di òpó mú, ètè ẹ̀ ti yí dà. Ike oògùn àyà tó máa ń fín sẹ́nu wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti fín in títí, kò sí nǹkan nínú ẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ tó ń kó ìyẹ̀fun wá fún mi ló wà níbẹ̀. Inú ẹ̀ la gbé e sí, láàárín àpò ìyẹ̀fun. Mo gbé orí ẹ̀ sáyà. Mo ní, "Rọra mí, rọra mí, a ti ń débẹ̀." Kò lè fèsì. Ìyẹ̀fun wà lára aṣọ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ nù ún. Èmi ń sunkún, òun ń nu aṣọ mi. Bó ṣe ń nù ún ni ọwọ́ ẹ̀ dúró.

Dókítà ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé koríko ni. Ó ní ó lè jẹ́ eruku, ó lè jẹ́ ìyẹ̀fun inú ọkọ̀, ó lè jẹ́ àyà tó ti rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ìyẹ̀fun yẹn ni mo gbé dání látìgbà náà. Mo gbé ààrò kúrò nílé nítorí ìyẹ̀fun, mo tún gbé ọmọ náà sínú ìyẹ̀fun lọ sílé ìwòsàn. Kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí. Mo mọ̀ pé kò sí. Síbẹ̀, mò ń wá a.

Lẹ́tà ẹ tó ní kó má fọwọ́ kan koríko dé nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń wá kí mi. Olùkọ́ ṣí i, ó kà á sínú, ó ká a pọ̀.

Mo ní, "Kí ló wí?"

Ó ní, "Ó kí yín."

Mo ní, "Pépà tó gùn tó yẹn? Ẹ kà á bó ṣe wà."

Ó kà á. Nígbà tó parí, mo ní kó bọ́ síta.

O ní kí n má fi ẹ́ ṣe àlejò, nítorí náà mi ò ní parọ́. Mo bínú sí ẹ. Mo sọ fún ọmọ yẹn pé kó wọlé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ní kò séwu," mo sì dákẹ́, nítorí pé ìwọ lo kàwé. Mo bínú sí ẹ, mo bínú sí ara mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò lè ya ìkan sọ́tọ̀ nínú méjèèjì.

Sísọ́ọ̀sì dé. Mo lọ gbé e fún ọ̀gá ẹ̀, ó kọ̀ ọ́, ó ní òun ò lè máa wò ó. Ó wà nínú àpótí.

Jẹun. Bí o ò bá tiẹ̀ lè jẹ ẹ́, fi í sẹ́nu.

Ìyá ẹ.


Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ kejì

Màmá mi,

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí ọlọ́fọ̀, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo wá a, mi ò rí i. Mi ò mọ ẹni tó yẹ kó kí ẹnì kejì nínú àwa méjèèjì.

Mo gbé lẹ́tà yín lọ síbi iṣẹ́, mo sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún ọ̀gá mi. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀, ó jókòó tì mí láàárín àwọn àwo tí a kó gbòǹgbò sí. Ó ní, "A ò mọ̀ nígbà yẹn." Mo ní, "Mi ò sọ fún un pé a ò mọ̀. Mo sọ fún un pé mo mọ̀." Ó mú ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ewé, ó gbé e kúrò níwájú mi, òun fúnra ẹ̀ ló lọ ìyókù iṣẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó fẹ́ kọ ohun tí a rí sínú ìwé, kí àwọn dókítà lè máa kìlọ̀ fún àwọn tí àyà ń dà láàmú pé kì í ṣe òdòdó nìkan ni kí wọ́n sá fún. Ó ní orúkọ mi máa wà níbẹ̀. Mo ní kó má fi í sí i. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Ní ti ìyẹ̀fun, Màmá, ẹ gbé e sílẹ̀. Ọkọ̀ tó wà ni ẹ lò. Ẹ ṣe gbogbo ohun tí ìyá lè ṣe. Èmi ni mo sọ fún un pé kó má bẹ̀rù ewé. Ẹ má bá mi pín in. Mi ò fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e.

Lẹ́tà ẹ̀ tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹ ò mọ̀, ó ní kí n má sọ. Ó fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní ìmọ́lẹ̀ dára níbẹ̀, kó máa ránṣọ lẹ́yìn bí ẹ bá ń yan búrẹ́dì níwájú. Ìdí nìyẹn tó ṣe ń yára tu koríko. Kì í ṣe tèmi nìkan ló ń ṣe, ààyè ẹ̀ ló ń tún ṣe. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ mọ̀.

Mo fẹ́ wálé. Bí ẹ bá ní ojú yín ò tíì gba tèmi, yóò yé mi, màá dúró. Ẹ kàn sọ ọ́ bó ṣe wà, bí ẹ ṣe sọ ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ yín, bí ẹ bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀.


Oṣù Kejìlá, ọjọ́ kìíní

Àkọ́bí mi,

Ọ̀rọ̀ tó o fi parí lẹ́tà ẹ yẹn, má kọ ọ́ sí mi mọ́. Olùkọ́ kà á débẹ̀, ó ń nujú. Àgbàlagbà ni, má fi lẹ́tà dá a láàmú.

Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí wọ́n kà á fún mi, mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Mi ò débẹ̀ rí látọjọ́ náà. Mo dúró síbẹ̀ títí búrẹ́dì fi jóná níwájú, ìyá ẹlẹ́yin ló bá mi yọ ọ́. Mo ń wo ibi tó máa gbé e sí. Òótọ́ ló sọ, ìmọ́lẹ̀ dára níbẹ̀.

O ní kí n má bá ẹ pín in. Ta ló kọ́ ẹ ní irú ìṣirò yẹn? Èmi ni mo bí i. Kò sí apá kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í ṣe tèmi. Ìwọ ò lè dá gbé e, ọrùn ẹ á ṣẹ́, èmi ni wọ́n á tún ní kí n wá tọ́jú ẹ.

O bi mí bóyá kó o wá. Ìbínú mi ò tíì tán. Mo rò pé yóò tán, ṣùgbọ́n mi ò lè dájọ́ fún un. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ṣì wà lókè. Wá bá a bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó o dúró sọ́hùn-ún títí ìbínú á fi tán, nítorí èmi náà ò kéré mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún máa fi lẹ́tà sọ ọ̀rọ̀ ikú fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí.

Bó o bá dé, a ò ní sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wàá jẹun, wàá wẹ̀, wàá sùn. Ibùsùn yín méjèèjì ṣì wà nínú yàrá bó ṣe wà. Ìyá ẹlẹ́yin ní kí n gbé ìkan jáde, mi ò gbé e. Sùn sórí tìẹ. Èmi á sùn sórí tàbúrò ẹ. Látìgbà tó ti lọ, mi ò tíì lè dá wọ yàrá yẹn.

Ìyá ẹ.